Omi Jáde Nídìí Ọkọ̀, Imú Ló Ti Wọlé

Iṣẹ́ púlọ́ńbà ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Tákíẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè pé kí ló gbé púlọ́ńbà dé inú ọkọ̀ ojú omi, èmi náà béèrè lọ́wọ́ Alàgbà lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ṣebí omi náà ni? Ìwọ kọ́ lo máa ń wá ibi tó ti ń jò?" Mo ní omi inú páìpù ni mo mọ̀, ìyẹn máa ń fẹ́ jáde ni, wọlé lèyí fẹ́ wọlé. Wọ́n ní kí n dojú ọgbọ́n náà kodò, kí n sì tètè máa bọ̀ kí oòrùn tó mú. Wọ́n pa fóònù.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Alàgbà. Oko wọn wà lọ́nà Ọ̀yọ́, kí a tó dé Odò-Ọbà. Wọ́n sé ìṣàn omi kékeré kan níbẹ̀, ó di adágún, wọ́n da ẹja sí i. Nígbà tó yá, àbúrò wọn tó wà l'Ékòó bá wọn ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ tòkunbọ̀ kan: fáíbà ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16, ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 ló wà nídìí rẹ̀. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, àwọn ọmọ-ọmọ wọn á ya dé láti Ìbàdàn, orí adágún ni wọ́n á máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láàárín ọ̀sẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò létí omi ni wọ́n máa ń so ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ bá mi fi igi máńgòrò yẹn sọ́kàn.

Ó ti tó oṣù 3 tó ti ń jò. Àràárọ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ oko ń fi ike gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, débi pé àwọn ọmọ-ọmọ ti sọ ọ́ ní Agbọ́nmi, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Àwọn méjì ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kí wọ́n tó ké sí mi. Ẹni àkọ́kọ́ ra sílíkọ́ọ̀nù, ó fi dí gbogbo ojú ibi tí ilẹ̀ ọkọ̀ ti pàdé ògiri rẹ̀, yípo-yípo, bí ẹni fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Ẹnì kejì, ọ̀gá oníṣẹ́ fáíbà tó máa ń tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe, wò ó pé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni omi ń jọ sí, ó yáa bu fáíbà lẹ ibẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Omi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wá.

N kò dá wọn lẹ́bi nípa ti ọwọ́. Ọwọ́ wọn mọ́, fáíbà yẹn dán bí àwo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n rí omi, wọ́n sì gbà pé ibi tí wọ́n ti rí i ló ti wọlé. Ẹni tó bá ti gun òrùlé rí nílùú wa kò ní gba ìyẹn gbọ́. Omi òjò lè gba ojú ìṣó kan wọlé lókè téńté, kó fa ara rẹ̀ lórí igi àjà, kó kọjá yàrá kìíní, kó wá kán sórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá kejì. Bí ẹ bá dí òkè bẹ́ẹ̀dì, ibòmíràn ni yóò ti kán. Ọkọ̀ fáíbà tilẹ̀ tún burú ju òrùlé lọ, torí ó ní ilẹ̀ méjì: ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, àti ìkarahun ìsàlẹ̀ tó wà nínú omi. Àárín àwọn méjèèjì ṣófo, àfi àwọn igi gígùn tí wọ́n fi fáíbà wé, tó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, àti fóòmù tí wọ́n kì sáàárín wọn kí ọkọ̀ má baà rì. Omi tó bá bọ́ síbẹ̀ ti bọ́ sí kọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó di ìdí ọkọ̀ kí ojú ẹnikẹ́ni tó tún kàn án, torí ìdí ló rẹlẹ̀ jù.

Mo béèrè pé ìgbà wo ló ń jò. Wọ́n wò mí bí ẹni tó béèrè pé ìgbà wo ni ewúrẹ́ ń jẹun. "Ìgbà gbogbo ni, ọ̀gá." Agbọ́nmi ló dáhùn. Ìdáhùn yẹn kò tó mi. Ọkọ̀ tó bá ń jò nígbà tó dúró jẹ́ẹ́ lórí omi, ihò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibi tí omi mù ún dé. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà òjò nìkan ló ń jò, òkè ni kí a wò: ìdérí, ojú síkúrù, ibi tí wáyà gbà wọlé. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ń sáré tàbí tí èrò bá kún un ló ń jò, ó ní ibì kan tó máa ń wà lókè omi bó bá fúyẹ́, tí í sì í rì bó bá wúwo. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wá wà lára ọkọ̀ kan ṣoṣo ńkọ́? Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò dí ọ̀kan, yóò dí i dáadáa, yóò bá omi níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, yóò sì rò pé iṣẹ́ òun kò jẹ́.

Nítorí náà, n kò ra nǹkan kan lọ́jọ́ kìíní àyàfi kànìnkànìn ìwẹ̀ ńlá méjì. A gbọ́n omi inú ọkọ̀, a fi kànìnkànìn fa èyí tó kù ní abẹ́ ìjókòó títí ó fi gbẹ, a sì fi tàpólì bo gbogbo ibi tí èèyàn ń jókòó sí. Imú ọkọ̀ níwájú nìkan la fi sílẹ̀ láìbò. Mo sọ fún Agbọ́nmi pé láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọdọ̀ da ẹ̀kán omi kan nù láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ti fàmì lítà sí lára, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ra ìwé kékeré. Ìwé yẹn ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo irinṣẹ́ mi lọ.

Òru kìíní, òjò kò rọ̀, ẹnikẹ́ni kò wọ ọkọ̀: láti aago 6 ìrọ̀lẹ́ sí aago 6 àárọ̀, lítà 4. Òru kejì, òjò ńlá rọ̀: lítà 22. Ọjọ́ kẹta, Alàgbà, Agbọ́nmi, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi wọ ọkọ̀, a fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yí adágún po: lítà 15. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jò, ìwọ̀n wọn ò sì dọ́gba.

Létí òkun, èèyàn lè fi ahọ́n tọ́ omi inú ọkọ̀ wò: bó bá níyọ̀, ìta ló ti wá, bí kò bá níyọ̀, òjò ni. Lọ́dọ̀ tiwa, omi òjò kò níyọ̀, omi adágún kò níyọ̀. Ṣùgbọ́n adágún Alàgbà ní ẹja, ó ní oúnjẹ ẹja, omi rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́. Mo bu díẹ̀ nínú omi ti òru kìíní sínú ike omi tó mọ́ gaara, mo bu ti òru kejì sí òmíràn, mo gbé wọn síwájú oòrùn. Ti kìíní rí bí omi tí wọ́n fi fọ ewédú. Ti kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, àfi pé ó pọ́n díẹ̀ bíi tíì, tó sì ní ìdọ̀tí ewé jíjẹrà nínú. Ewé kẹ̀? Mo gbójú sókè wo igi máńgòrò.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba bàbá apẹja kan tó máa ń wá da àwọ̀n fún Alàgbà, torí wọ́n kò jẹ́ kí n gbádùn ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Lójú tiwọn, ọkọ̀ náà kò ní àrùn kankan. "Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mumi yó kó tó lè kọ omi," wọ́n ń sọ ọ́ léraléra. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ọkọ̀ tiwọn ni òótọ́ náà bá mu. Ọkọ̀ onípákó tó ti gbẹ lórí ilẹ̀ á máa jò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pákó á mumi, á wú, ojú pátákó á pa dé. Fáíbà kì í wú pa ihò dé. Pákó tó wà nínú fáíbà ló ń wú, ìyẹn sì kúrò ní ìwòsàn, ìjẹrà ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí, wọ́n ní ó dára, pé bóyá Ọbà ló ń bínú, ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin tí wọ́n tàn jẹ títí tó fi gé etí ara rẹ̀ sọ́bẹ̀ fún ọkọ kò lè fẹ́ràn ẹni tó wá ń ṣe fàájì lórí omi tó ń ṣàn lọ bá a. Alàgbà rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń wú ikọ́.

Imú ọkọ̀ ni mo lọ. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí ìdákọ̀ró àti okùn rẹ̀ ń gbé. Àpótí náà ní ihò ìdàmì kan tó tó àtàǹpàkò, ó yọ sí ara ọkọ̀ lóde, kí òjò tó bá bọ́ sínú àpótí lè padà sínú adágún. Mo ti wáyà bọ̀ ọ́ láti òde, kò lọ. Mo fà á, mo tún ti í, nǹkan dúdú kan yọ jáde bíi mọ́ínmọ́ín tó ti bàjẹ́: ewé máńgòrò tó ti jẹrà pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ àti fọ́nrán okùn. Òórùn rẹ̀ lé ọmọ iṣẹ́ mi sẹ́yìn. Nígbà tí ihò yẹn dí, bí òjò bá ti rọ̀, àpótí á kún. Ó kún dé ibo? Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ògiri rẹ̀. Ní ibi tó ga tó ìka mẹ́rin sílẹ̀ àpótí, ihò wáyà wà níbẹ̀, èyí tó lọ sí iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé tó wà nímú ọkọ̀. Wáyà tín-ín-rín, ihò gbẹ̀ǹgbẹ̀, wọn kò fi nǹkan kan dí àlàfo rẹ̀.

Mo fura, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Mo rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ ra zóbò gbígbẹ. A sè é, ó pọ́n dúdú, a pò ó mọ́ omi títí ó fi di bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Mo fi àkísà dí ihò ìdàmì padà bí ewé ṣe dí i, mo da zóbò sínú àpótí ìdákọ̀ró títí ó fi bo ihò wáyà. A sáré lọ sẹ́yìn, a dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ ìjókòó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, àwa mẹ́ta, orí kan orí. Ìṣẹ́jú 5, kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú 8, Alàgbà ní kí wọ́n gbé ọkà wá, wọn kò lè fi ebi wo zóbò. Ìṣẹ́jú 11, ìlà pupa kan tín-ín-rín yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáíbà tí ọ̀gá oníṣẹ́ bọ́ńpà lẹ̀ mọ́bẹ̀, ó rọra wá, ó yà, ó sì di adágún kékeré lójú wa. Láti imú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 5, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Alàgbà pariwo pé ọkọ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

Àtúnṣe èyí kò gba ọ̀sán kan: a fọ ihò ìdàmì, a fi àwọ̀n irin bò ó kí ewé má wọlé mọ́, a fi rọ́bà yí wáyà náà ká nínú ihò rẹ̀, a sì fi sílíàǹtì, àtè tí wọ́n fi ń dí ojú ihò, dí i. Mo ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lábẹ́ máńgòrò. Wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ló tutù. Mo dákẹ́. (Àwọ̀ zóbò kò tètè kúrò lára ọkọ̀ o. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ pò ó kó fúyẹ́ ju tèmi lọ.)

Ó ku lítà 4 òru. Fún ìyẹn, a fi píkọ́ọ̀pù fa ọkọ̀ gòkè, a gbé e lé táyà ògbólógbòó mẹ́fà. Fọganáísà máa ń ti táyà bọ inú omi kó lè rí afẹ́fẹ́ tó ń jáde. Èmi dà á kodò: mo ní kí a da omi sínú ọkọ̀, kí a wo ìta. Ẹ ṣọ́ra níbí. Lítà omi 1, kílò 1 ni, omi ìta ló sì máa ń gbé ọkọ̀ ró, kì í ṣe táyà. Ẹni tó bá pọn omi kún ọkọ̀ lórí ilẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ọ. Lítà 120 la dà sí i, ìyẹn tó láti bo ìdí dé nǹkan bíi ìka mẹ́fà. A ti yọ wáyà bátìrì, a sì ti gbé tánkì epo kúrò ṣáájú. Mo fi aṣọ nu gbogbo ara rẹ̀ lóde títí ó fi gbẹ táútáú, mo bu pọ́dà ọmọdé sí i lára, mo sì jókòó tì í.

Ihò kan wà nísàlẹ̀ ìdí ọkọ̀ tí wọ́n máa ń ṣí bí wọ́n bá ti fà á gòkè, kí omi inú rẹ̀ lè dà nù. Ìdérí rẹ̀ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń bá jà. Alàgbà ti pààrọ̀ tiwọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdérí náà kò lẹ́bi. Páìpù idẹ kúkúrú tí ìdérí ń wọ̀, èyí tó gba inú pákó ìdí ọkọ̀ kọjá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni pọ́dà ti kọ́kọ́ ṣú, ó di ọ̀rinrin, omi wá ń kán níbẹ̀. Mo kà á lójú aago: ẹ̀kán 2 ní ìṣẹ́jú àáyá 1. Ẹ̀kán bíi 20 ló ń di mìlílítà 1, ìyẹn mìlílítà 6 ní ìṣẹ́jú kan, lítà 4 àti díẹ̀ ní wákàtí 12. Ó bá ìwé Agbọ́nmi mu. Nígbà tí ìṣirò àti ojú bá ti sọ ohun kan náà, ara èèyàn á balẹ̀ pé kò sí òmíràn tó fara pamọ́.

Bí mo ṣe tú síkúrù páìpù idẹ náà, kò tilẹ̀ nílò agbára. Wọ́n yọ bí eyín ọmọdé. Mo ti síkúrùdíráfà bọ pákó tó yí i ká, ó wọlé bí ìgbà tí èèyàn ti ọ̀bẹ bọ iṣu sísè. Omi aró dúdú ṣàn jáde. Níbẹ̀ ni mo ti ránṣẹ́ pe ọ̀gá oníṣẹ́ fáíbà, ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú mi. Àwọn kan ní kí ni mo tún ń pè é fún. Èmi mọ omi, òun mọ fáíbà. Ó wá, ó rí àmì zóbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní, "Ha! Mo dí ẹnu ọ̀nà àbájáde!"

Ó fi ẹ̀yìn òòlù kan pákó ìdí ọkọ̀ láti apá kan dé èkejì, ó ń fetí sí i. Ibi tó le máa ń dún kó-kó. Ibi tó ti jẹrà á dún bò-bò bí ìgbà tí a kan páálí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, ó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. A gé fáíbà inú kúrò níbẹ̀, a wú pákó jíjẹrà náà títí a fi dé èyí tó le. A tún ṣí ilẹ̀ díẹ̀, a yọ fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àpò 2 ló kún, ọmọ iṣẹ́ mi kò sì lè dá ọ̀kan gbé. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń pè ní fóòmù tí kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ rì! Òjò ọdún púpọ̀ ló ti mu, òun gan-an ló wá ń fa ìdí ọkọ̀ sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a dúró. Ìdúró yìí ló le jù lọ fún Alàgbà. Résìn, àtè olómi tó máa ń le tí wọ́n fi ń ṣe fáíbà, kì í lẹ̀ mọ́ igi tútù, bó bá tilẹ̀ lẹ̀ lónìí, yóò ṣí lọ́la. Ọjọ́ 9 la fi yọ ìdí ọkọ̀ sí oòrùn lọ́sàn-án, tí a ń tan gílóòbù iná sí ihò rẹ̀ lálẹ́. Àríyànjiyàn wà láàárín èmi àti ọ̀gá fáíbà: ó fẹ́ lo résìn pọ́lísítà tó fi ń ṣe bọ́ńpà, mo fẹ́ kí a lo épọ́sì, irú résìn mìíràn, torí ó ń di igi mú ju pọ́lísítà lọ. Ó ní épọ́sì ti wọ́n jù. Alàgbà sanwó épọ́sì, àríyànjiyàn parí. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi ní èyí: bí èèyàn bá ń lo pọ́lísítà, kátálíìsì, èròjà tó ń mú kó le, kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 1 sí 2 nínú 100 lọ, bí oòrùn bá sì mú, ìwọ̀n kékeré ni kó lò, torí èyí tó bá gbóná jù á sán. Ó fi àṣẹ́kù inú ike kan hàn mí: ó ti le, ó ti ya, èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀.

A po épọ́sì mọ́ ìyẹ̀fun pákó láti ilé ìlagi títí ó fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, a fi kún ihò náà pátápátá bí ẹni pé kò ní sí ihò níbẹ̀ mọ́, a fi aṣọ fáíbà bò ó. Nígbà tó le, a tún fi dírílì gbẹ́ ihò tuntun sáàárín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fún ojú síkúrù kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i, bí páìpù náà bá tún jò lẹ́yìn ọdún 10, épọ́sì líle ni omi yóò bá pàdé, kò ní kan igi. Orí sílíàǹtì polyurethane la gbé páìpù idẹ tuntun lé. Ní ti sílíkọ́ọ̀nù tí ẹni àkọ́kọ́ lò, odindi ọjọ́ kan la fi há a. Ó dára fún ojú fèrèsé àti ilé ìwẹ̀, èmi náà ń tà á. Nísàlẹ̀ ìlà omi, n kò fẹ́ rí i, nítorí ibi tó bá ti fara kàn, nǹkan mìíràn kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ mọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ló dójú tì mí, torí iṣẹ́ mi gan-an ni. A ti dá ọkọ̀ padà sómi, òru kan kọjá, kò tó ife omi kan. Inú wa dùn, àwa mẹ́rin wọ ọkọ̀, a yí adágún po, a bá lítà 13 nínú rẹ̀. A tún un ṣe, ṣùgbọ́n èmi àti Agbọ́nmi nìkan, mo sì jókòó síwájú: kò tó lítà 1. Ẹ́ńjìnnì kan náà, ìyára kan náà. Ibi tí èèyàn jókòó sí ló yàtọ̀. Mo ní kí Alàgbà àti ọmọ iṣẹ́ mi padà wọlé, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, èmi sì dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ ìjókòó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Bí Agbọ́nmi ṣe dín ìyára ẹ́ńjìnnì kù, tí ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ lé wa bá, mo rí omi tó ń tú jáde wọ̀ọ̀ láti ẹnu pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù tí wọ́n rà láti máa da omi nù!

Pọ́ǹpù náà wà nísàlẹ̀, hóòsì rẹ̀ sì lọ tààrà sí ihò kan lára ìdí ọkọ̀, tí kò ga ju ìka mẹ́ta lọ sí ojú omi. Bí ọkọ̀ bá fúyẹ́, ihò náà wà lókè. Bí èèyàn mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bátìrì àti tánkì epo, ó rì, omi adágún sì ń gba inú hóòsì padà wálé. Gbogbo ẹni tó ti fi hóòsì fa epo nínú tánkì mọ́tò rí nígbà ọ̀wọ́n epo mọ̀ ọ́n: ẹ ṣáà ti jẹ́ kí hóòsì kún, kí ẹnu rẹ̀ kejì sì wà nísàlẹ̀, kò sí ẹni tó tún ń fà á tí yóò fi máa dà. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé omi ń pe omi. Bó ṣe ń wọlé ni ìdí ń wúwo, bí ìdí ṣe ń wúwo ni ihò ń rì sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe ń rì níbi tí wọ́n so ó mọ́, láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé pọ́ǹpù yóò kápá rẹ̀. Ihò tó fẹ̀ ní ínǹṣì 1, tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sábẹ́ omi, ń gba ohun tó lé ní lítà 40 wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí pọ́ǹpù Alàgbà ni gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 500 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi lítà 31 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí bátìrì bá kún tí hóòsì kò sì gòkè rárá.

Mo gbé ihò àbájáde náà lọ sókè pátápátá, nítòsí etí ọkọ̀, mo sì jẹ́ kí hóòsì gòkè ju ìyẹn lọ kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí i, pẹ̀lú fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ lórí ibi tó ga jù kí fífà náà lè já. Ọ̀gá fáíbà dí ihò àtijọ́. Ẹnìkan ní kí n kàn fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sínú hóòsì, kí n yé da ara mi láàmú. Mo ti bá irú fáàfù bẹ́ẹ̀ jà púpọ̀ lórí kànga. Ewé kékeré kan tó bá há sí i lẹ́nu ti tó láti ṣí i sílẹ̀, ewé sì pọ̀ nínú ọkọ̀ yìí.

A tún ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Òru gbígbẹ: kò tó ife kan. Òru òjò: ife kan àti ààbọ̀. Àwa mẹ́rin, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gbogbo wa lẹ́yìn: ife 2. Fóòmù tó kù lábẹ́ ilẹ̀ níwájú ṣì ń sun ohun tó ti mu, ó fi bíi ọ̀sẹ̀ 3 ṣe bẹ́ẹ̀ kí ìwé Agbọ́nmi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdo.

Mo tún gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù Kejìlá. Abẹ́ máńgòrò náà ni ọkọ̀ ṣì wà. Ike tí wọ́n fi ń gbọ́n omi ṣì so mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, mo ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, Alàgbà kọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ti dé láti Ìbàdàn, òun ni wọ́n ń bu omi sí fi ń da ara wọn lórí, Agbọ́nmi sì dúró létí adágún, ó ń pariwo pé kí wọ́n má da omi sínú ọkọ̀ òun.